Bàbá Mi Lóṣòó ní Ẹnu Géètì Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ohun tí mo fẹ́ mọ̀ jù lọ láyé ni bóyá orúnkún máa ń dun bàbá mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òṣómàáló ni bàbá mi kó tó di àgbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ ti mọ ohun tí mò ń sọ. Bẹ́ ẹ kì í bá ṣe ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ó ṣeé ṣe kí bàbá yín àgbà ti jẹ ọ̀kan nínú àwọn èèyàn wa lówó aṣọ rí. Wọ́n á di aṣọ lẹ́rù, wọ́n á gbé e lọ sí ìlú onílùú, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á sì dá ọjọ́ tí wọn yóò wá gba owó. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò jáde, òṣómàáló kì í jà, kì í pe ọlọ́pàá. Yóò kàn lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè láàárọ̀ kùtùkùtù, yóò sì máa kí àwọn tó ń kọjá. Gbogbo àdúgbò ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Bí onígbèsè bá gbé àga fún un, kò ní jókòó. Bó bá bu omi fún un, kò ní mu ún. Orí òṣó ni yóò wà títí owó yóò fi dé.

Bàbá mi ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí n tó gbọ́n. Kòkó àti obì ló ń ṣe ní abúlé wa lẹ́yìn Iléṣà. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ sinmi lábẹ́ igi obì, kì í jókòó bí èèyàn gidi, ńṣe ló máa ń lóṣòó. Èmi náà á lóṣòó tì í, kò ní pẹ́ tí ẹsẹ̀ mi á fi kú.

"Bàbá, ṣé orúnkún kì í dùn yín ni?"

"Kì í dùn mí."

"Kì í dùn yín rárá?"

"Ẹni tó bá mọ ohun tó ń retí, ìdúró kì í sú u."

"Ẹ ò kúkú dúró, ẹ lóṣòó ni."

Ìyá mi á pòṣé láti ìdí ààrò. "Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹnu rẹ yìí ni yóò lé ọ jáde nílé ọkọ!"

Irú ọmọ tí mo jẹ́ nìyẹn. Mo fẹ́ mọ ìdí tí obì fi ń pín sí awẹ́. Mo fẹ́ mọ ibi tí rélùwéè ń sùn sí bí ilẹ̀ bá ṣú. Mo bi kátíkíìsì wa léèrè bóyá wọ́n ń jẹ iyán ní ọ̀run, ó ní kí n lọ jókòó. Ọ̀gá ilé ìwé wa nìkan ni kì í lé mi. Nígbà tí mo dé Sítáńdáàdì Síìsì, òun ló tọ bàbá mi wá. Ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà ní Òṣogbo tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ olùkọ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe ìdánwò rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún wọn láìfi bò pé ọjọ́ orí mi kò gba ìdúró. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní ọjọ́ orí tí wọn kì í gbà kọjá, bí ọdún yẹn bá sì fi lè rékọjá, ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti parí fún mi nìyẹn.

"Níbẹ̀ yẹn, ṣé wọ́n á jẹ́ kó máa béèrè ọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń béèrè é yìí?" Bàbá mi ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Iṣẹ́ tí wọ́n á máa kọ́ ọ gan-an nìyẹn."

Bàbá mi wo ìyá mi. Ó ní kòkó ọdún yẹn, tèmi ni.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá ilé ìwé kọ́ mi ní ìṣirò àti àròkọ. Ó kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń kó ọwọ́ sẹ́yìn bó bá ń bá Òyìnbó sọ̀rọ̀, kí n má baà máa fi ọwọ́ júwe bí àwọn ará ilé wa. Ẹnì kan ló wá sọ fún un pé bí èèyàn bá yege ìdánwò, ìntáfíù ló kù, àti pé nínú ìntáfíù yìí, wọ́n máa ń gbé oúnjẹ síwájú ọmọ, wọ́n á wá máa ṣọ́ bó ṣe ń fi fọ́ọ̀kì jẹ ẹ́. Fọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo abúlé wa, ti kátíkíìsì ni, eyín rẹ̀ kan sì ti ká. Wọ́n yá mi. Ẹ̀wà ni ìyá mi sè lọ́jọ́ náà. Mò ń lé ẹ̀wà kiri inú àwo, ẹ̀wà ń sá, ilẹ̀ ń ṣú lọ. Bàbá mi wò mí títí, ó ní, "Ṣé oúnjẹ lò ń jẹ ni, àbí o ń ṣọdẹ rẹ̀?"

Mo ṣe ìdánwò náà ní Iléṣà, mo sì yege. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀wé pé mo yege, wọ́n ní àwọn yóò tún kọ̀wé láti sọ ọjọ́ ìntáfíù. A wá ń retí ìwé yẹn. Abúlé wa kò ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Lẹ́tà tó bá ń bọ̀ sọ́dọ̀ wa, ọ̀dọ̀ akọ̀wé tó ń ra kòkó ní Iléṣà ló ń dé sí. Bó bá ń bọ̀ wá wọn kòkó, á kó wọn wá. Lọ́jọ́ tó wá, ó gbé ìwọ̀n kọ́, ó wọn kòkó bàbá mi, ó wọn ti aládùúgbò wa, ó gba ẹ̀kọ mu, kó tó fọwọ́ gbá iwájú orí. Ó sáré lọ sínú ọkọ̀, ó mú lẹ́tà jáde láàárín àwọn àpò òfìfo. Ọ̀gá ilé ìwé gbà á, ó kà á tán.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n dá?" Bàbá mi ló béèrè.

"Àná ni."

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tí òkú kú fún. Ìyá mi tó máa ń bú mi kò bú mi. Bàbá mi kò bá akọ̀wé jà, kò tiẹ̀ wò ó. Ó wọlé lọ, ó mú fìlà kan sọ̀kalẹ̀ láti inú àjà, èyí tó máa ń dé nígbà tó ń ta aṣọ, ó gbọn eruku ara rẹ̀ dànù. Ó ní kí ìyá mi kó owó tí a ti yà sọ́tọ̀ fún ilé ìwé sínú tòbí mi, kó sì fi abẹ́rẹ́ rán ẹnu àpò rẹ̀ pa. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni a bá kúrò ní Iléṣà lọ́jọ́ kejì.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé Òṣogbo fún ìgbà àkọ́kọ́, pẹ̀lú owó nídìí, tí ojú mi sì wú fún ẹkún. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, bí a ṣe sọ̀kalẹ̀ ni mo ti gbàgbé ẹkún. Mo gbọ́ fèrè rélùwéè! Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin ni a dé sí ní àdúgbò Ìgbónà, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè. Òṣogbo ti wọ obìnrin náà lẹ́nu. Ó ń sọ "ilé" níbi tí àwa ti ń sọ "ulé", bàbá mi sì ń wò ó bí ẹni tó wọ bàtà oníbàtà. Kí oúnjẹ tó délẹ̀ ni mo ti bi ọkọ rẹ̀ léèrè ibi tí rélùwéè ń sùn.

"Kì í sùn," ó dá mi lóhùn. "Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló ń sùn." Ó wá kọjú sí bàbá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Mo mọ Òyìnbó, abẹ́ wọn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí rélùwéè bá ti fọn fèrè tó lọ, kì í padà wá gbé ẹnì kan."

"Àna mi, òótọ́ lẹ sọ," ni bàbá mi wí. "Àmọ́ rélùwéè lẹ́sẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kò lẹ́sẹ̀. Ibi tó wà lánàá náà la ó ti bá a."

A bá a níbẹ̀ lóòótọ́ ní àárọ̀. Géètì onírin ni, ọ̀nà tí wọ́n fi òkúta funfun tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì wọnú lọ, àwọn ilé gígùn sì wà lókèèrè. Maígàádì ibẹ̀, ọkùnrin Òṣogbo kan tó wé láwàní, gbọ́rọ̀ wa, ó ní kí a dúró, ó wọlé lọ bá Òyìnbó obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀. Kò pẹ́ tó fi padà.

"Ìyá Òyìnbó ní ìntáfíù ti parí. Wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lọ, kẹ́ ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ẹ ṣeun," bàbá mi dáhùn. Mo rò pé a ti ń lọ sílé nìyẹn. Ṣùgbọ́n bàbá mi ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè díẹ̀, ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó sì rọra lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ géètì. Obìnrin kan ń kọjá lọ pẹ̀lú igbá lórí.

"Ẹ kú òwúrọ̀ o," bàbá mi kí i.

Ojú tì mí débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, mo ṣe tán láti kó sí i. Mo tẹ̀ sí etí rẹ̀. "Bàbá, wọn kò jẹ wá lówó o."

"Ta ló ní owó ni? Ṣé wọ́n bi ọ́ ní ìbéèrè ní Iléṣà?"

"Wọ́n bi mí."

"Ṣé o dáhùn?"

"Mo dáhùn."

"Ṣé wọ́n ní kí o wá kí wọ́n bi ọ́ ní èyí tó kù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé wọ́n ti bi ọ́?"

"Wọn ò tíì bi mí."

"Wọ́n jẹ ọ́ nìyẹn. Ìbéèrè ni wọ́n jẹ ọ́." Ó sì kí ẹlòmíràn tó ń kọjá.

Maígàádì kọ́kọ́ gbé àpótí ìjókòó wá. Bàbá mi dúpẹ́, kò jókòó. Maígàádì bu omi wá. Bàbá mi dúpẹ́, kò mu ún. Ìgbà yẹn ni maígàádì fara balẹ̀ wò ó láti fìlà dé ẹsẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Bàbá, ẹ dákun, ṣé Ìjẹ̀ṣà ni yín?"

"Ọmọ Owá ni mí."

"Subuhánà!" Maígàádì dijú. Ó ní òun wà ní kékeré nígbà tí ẹnì kan lóṣòó báyìí sí ẹnu ọ̀nà àwọn, tí bàbá òun sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀. "Ẹ ṣàánú mi, Bàbá. Kí ni wọ́n rà lọ́wọ́ yín?"

Òṣogbo kò ṣeé fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún. Kí oòrùn tó gòkè, èrò ti pé jọ sí òdìkejì ọ̀nà, mo sì ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

"Wọ́n ní Òyìnbó ra aṣọ láwìn."

"Òyìnbó kẹ̀? Aṣọ wo?"

"Yóò jẹ́ kọ́tìnì ojú fèrèsé ni."

"Ẹ ò rí i! Mo ní kọ́tìnì yẹn tuntun!"

Èmi ń wo inú ọgbà láàárín irin géètì. Àwọn ọmọbìnrin tó wọ funfun ń gbálẹ̀ ní ìlà kan, wọ́n ń sún lẹ́ẹ̀kan náà. Aago dún, gbogbo wọn gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ta ló lu aago yẹn? Kí ni wọ́n lọ ṣe? Mo rí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé gígùn kan, mo fẹ́ mọ iye èèyàn tó ń sùn níbẹ̀ àti bóyá wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ bí iná bá kú. Mo fẹ́ wọ ibẹ̀ débi pé mo ti fi ojú lẹ irin géètì. Nígbà tí mo yí ojú padà sí bàbá mi, mo rí i pé ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ṣòkòtò. Ó ṣì ń kí àwọn èèyàn.

Ìyá Òyìnbó wá jáde fúnra rẹ̀. Obìnrin gíga kan ni, ó tín-ín-rín, oòrùn ti bó o nímú. Ó wo èrò, ó wo bàbá mi, ó bi maígàádì léèrè ohun tó dé. Gẹ̀ẹ́sì maígàádì kò pọ̀. Ó ní, "Mọ́nì, Mà. Mọ́nì."

"Owó wo?" Ojú obìnrin náà pọ́n.

Mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀gá ilé ìwé kọ́ mi sọ pé kì í ṣe owó. Ó bi mí pé ta ni mí. Mo sọ fún un.

"Ìwọ ni ẹni tí kò wá."

"Lẹ́tà yín kò dé títí ọjọ́ fi kọjá, Mà."

"Kí ló dé tí bàbá rẹ fi ṣe báyìí sí ẹnu ọ̀nà mi?"

Mo bá là á yé e. Gẹ̀ẹ́sì mi ń lọ, ó ń kọsẹ̀, ó ń dìde. Mo sọ ti aṣọ fún un, mo sọ ti àwìn, mo sọ ti omi tí wọn kì í mu. Mo rò pé yóò lé wa. Ńṣe ló sún mọ́ wa. Ó ní ta ló kọ́ wọn? Ó ní ṣé obìnrin máa ń ṣe é? Ó ní bí òjò bá dé ńkọ́? Ó ní bí onígbèsè bá kú ńkọ́? Èmi náà ti bi bàbá mi ní èyí rí, nítorí náà mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Òṣómàáló yóò kí àwọn ọmọ òkú, yóò fún wọn ní ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì máa lọ sílé, nítorí ẹnì kan kì í lóṣòó ti òkú. Obìnrin náà mi orí. Ẹnu yà mí. Abèèrè bíi tèmi ni!

Ó wá wo orúnkún bàbá mi. "Ṣé kò ń dùn ún?"

"Ó ní kì í dun òun, Mà."

"Bi í."

Mo bẹ̀rẹ̀ tì í. "Bàbá, wọ́n ní ṣé kò ń dùn yín."

Bàbá mi kò wò mí. Géètì ló ń wò. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ó ń dùn mí o, ọmọ mi. Ó ti ń dùn mí kí a tó bí ọ, òun ni mo ṣe fi uṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀. Má sọ fún un. Onígbèsè tó bá gbọ́ pé ó ń dun èèyàn, yóò kàn ti ilẹ̀kùn ni."

Láti ìgbà tí mo ti ní ẹnu ni mo ti ń wá ìdáhùn yẹn. Bó ṣe wá dé ọwọ́ mi, ńṣe ló dà bíi kí n dá a padà.

"Kí ló sọ?" Ìyá Òyìnbó ló béèrè.

Gbogbo kòkó ọdún yẹn wà nídìí mi. Ọjọ́ orí mi kò gba ìdúró. Bí mo bá ní kò ń dùn ún, yóò wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa, yóò tún wá lọ́la. Ó sì ṣeé ṣe kí a jèrè.

"Ó ní ó ń dun òun gan-an, Mà. Ó sì ní kí n má sọ fún yín."

"Kí ló dé tí o fi wá sọ?"

"Nítorí ẹ bi mí, Mà." Ọwọ́ mi ti kúrò lẹ́yìn, mo ti ń fi júwe bàbá mi. "Mo sì fẹ́ kó dìde. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ gbà mí, mo fẹ́ kó dìde."

Obìnrin náà wo ọ̀nà tí èrò wà, ó wò mí, ó tún wo bàbá mi. "Sọ fún un kó dìde," ó ní. "Ìntáfíù ti parí."

Ọ̀rọ̀ tí maígàádì mú wá láàárọ̀ náà ni. Obìnrin náà wá rí ojú mi, ó tún un sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Mo ti bi ọ́ ní ìbéèrè ju gbogbo àwọn tó kù lọ. Wá ní oṣù kìn-ín-ní. Gbé àpótí rẹ àti aṣọ ìbora wá."

N kò mọ bí mo ṣe sọ ọ́ fún bàbá mi. Mo mọ̀ pé mo pariwo. Òun kò pariwo. Ó bi mí pé, "Ṣé ó san án tán?"

"Ó san án tán, Bàbá."

"Ó dáa. Tú owó."

Ìyá Òyìnbó ní kò sí ìkánjú, kí a san án nígbà tí mo bá ń bọ̀. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀, bàbá mi bínú fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Kí n máa jẹ Òyìnbó ní gbèsè láti ìsinsìnyí? Ṣé kó lè wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà mi ní abúlé?" Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín tó fi di ọwọ́ mú géètì. Mo lọ sẹ́yìn ilé maígàádì, mo fi eyín já òwú tòbí, a san owó, wọ́n já rìsíìtì fún wa. Ọ̀rọ̀ wá dàrú pátápátá lójú àwọn èrò òdìkejì ọ̀nà. Láyé wọn, wọn kò rí òṣómàáló tó lóṣòó láti àárọ̀ kó tó wá kó owó jáde fún onígbèsè. Gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, wọ́n ṣì ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kọ́tìnì.

Ẹ̀yìn ìgbà tí rìsíìtì ti wọ àpò rẹ̀ ni bàbá mi tó gbìyànjú láti dìde. Kò lè dìde. Ó gbé ìdí díẹ̀, ó padà sílẹ̀. Ó tún gbìyànjú. Maígàádì di apá kan mú, mo di èkejì mú, a gbé e sókè bí a ṣe ń gbé àpò kòkó, orúnkún rẹ̀ sì ké. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lórí èjìká mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Ìyá Òyìnbó.

A rọra rìn padà sí Ìgbónà. Ó wúwo lára mi, ó sì ń tiro. Nígbà tí a fẹ́ yà sí ọ̀nà ilé àbúrò rẹ̀, ó nu òógùn ojú, ó ní, "Ṣé o rí i? Kò dùn mí."

Èmi tí n kì í lè dákẹ́, n kò bi í léèrè mọ́.